Ìwé ìléwọ́ tí ìjọba UK há sílé-sílé ṣáájú ìbò Brexit: ṣé òfin gbà wọ́n láàyè?

IyaTemi_Peckham

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe A-level, ó ń ṣe Politics, wọ́n wá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìbò Brexit ti 2016, ìyẹn ìbò bóyá kí UK dúró nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tàbí kó jáde, ló bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé ìléwọ́ tí ìjọba Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba há sí gbogbo ilé nígbà yẹn lòdì sófin. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó ṣì dúró ná, kó má tíì fún tíṣà.

Èmi rántí ìwé yẹn dáadáa. Ojú ewé 16 ni, oṣù kẹrin ni wọ́n jù ú gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀ pé ìdí tí ìjọba fi gbà pé ká dìbò láti dúró nínú EU ló dáa jù fún UK. Mo jókòó mo kà á tán torí èmi náà ní ìbò lọ́wọ́. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ni mo ní nígbà yẹn pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth wọ́n jẹ́ ká dìbò. Aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Poland, tó ti ń san owó orí ní London kí n tó dé rárá, wọn ò jẹ́ kó dì í. Ó dùn mí fún un gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé lóòótọ́ ló lòdì sófin? Tí kò bá dẹ̀ lòdì, ṣé ó wá tọ́ kí wọ́n fi owó orí gbogbo wa ṣe é nígbà tí àwọn kan nínú wa ò fara mọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá ara yín jà lórí ẹni tó dìbò fún kíni o, iṣẹ́ ọmọ ni mo fẹ́ kó dáa.

Alagba_Dagenham

Ìyá Temi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn. Èmi dìbò pé ká jáde, mi ò fi bò. Ní Barking and Dagenham níbí ìdá 62.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ká jáde, kì í dẹ̀ ṣe òyìnbó nìkan ló wà nínú wọn, mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá tá a jọ lọ dì í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nínú gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìpolongo yẹn, ìwé yẹn ló bí mi nínú jù. Mílíọ̀nù 9.3 pọ́ùn! Ilé mílíọ̀nù 27 ni wọ́n há a dé, wọ́n tún fi bíi mílíọ̀nù mẹ́ta nínú owó yẹn ṣe ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀. Nígbà táwọn èèyàn pariwo, ìjọba ní 34p péré ló já sí lórí ilé kan. Owó ta ni 34p yẹn? Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n wá fi ṣe ìwé tó ń sọ fún mi pé ohun tí mo gbà gbọ́ ò dáa.

Ẹ tún wo èyí. Òfin ní ẹgbẹ́ ìpolongo tí wọ́n bá yàn fún apá kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 7 pọ́ùn lọ. Ìjọba tó fẹ́ ká dúró wá dá ná mílíọ̀nù 9.3, wọn ò dẹ̀ kà á mọ́ owó ẹnikẹ́ni. Michael Gove tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn kan náà bá wọn wí ní gbangba. Àwọn tó lé ní 200,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, àwọn aṣòfin jókòó lé e lórí ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, kò sí nǹkan kan tó yí padà, Cameron ní òun ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bóyá ó lòdì sófin, kí lọ́yà wá sọ ìyẹn. Èmi ní kò dáa.

LoyaTokunbo

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá Temi, ẹ sọ fún Temi kó pa gbólóhùn yẹn rẹ́, wọ́n máa yọ máàkì ẹ̀. Ìwé yẹn ò lòdì sófin. Ṣùgbọ́n kó má fò ó kọjá, kó ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé kò lòdì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2000 lórí ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbò àti rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù (ìyẹn ìbò tí ará ìlú fi ń dáhùn ìbéèrè kan), PPERA ni wọ́n máa ń pè é. Abala 125 nínú ẹ̀ ló sọ pé tó bá ti ku ọjọ́ 28 sí ìbò, mínísítà, iléeṣẹ́ ìjọba àti káńsù ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan jáde tó jẹ mọ́ ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni ìbò, torí náà ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni ẹnu ìjọba máa tó di pípa. Ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé àwọn èèyàn ní England ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland wọ́n ní ìbò tiwọn lọ́tọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, wọ́n jẹ́ kí ìyẹn parí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Méjèèjì ti wọlé kí ọjọ́ 28 yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan tún wà tí ọmọ yín gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí àwọn ẹgbẹ́ ìpolongo ń ná. Kó fi ọjọ́ yẹn síwájú ara ẹ̀ kó fi ti England, ọjọ́ 11, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á rí i pé àwọn tó ṣètò ẹ̀ mọ kàlẹ́ńdà dáadáa. Lẹ́yìn rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù Scotland ti 2014, àjọ elétò ìdìbò fúnra wọn ti dá a lábàá pé kí ìjọba má fi owó ará ìlú ṣe ìpolówó ní gbogbo àsìkò ìpolongo, kì í ṣe ọjọ́ 28 nìkan. Àbá ni, kì í ṣe òfin, ìjọba ò dẹ̀ tẹ̀ lé e.

Èyí tí èmi rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni ti 2015. Nígbà tí wọ́n ń ṣòfin rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù yẹn, ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ yọ abala 125 kúrò pátápátá, kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ lọ títí dọjọ́ ìbò. Oṣù kẹsàn-án 2015 làwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ Cameron gan-an lọ dara pọ̀ mọ́ alátakò, wọ́n fi ìbò lé e sẹ́yìn. Ká ní wọ́n yọ abala yẹn kúrò bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ fẹ́ ni, ìwé yẹn ì bá lè máa já wọlé yín ní àárọ̀ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà lábẹ́ òfin.

AdeDublin

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní Ireland níbí, torí àwọn gbọ́n ju UK lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tẹ́lẹ̀ ṣá.

Níbí tí wọ́n bá fẹ́ yí ìwé òfin ìlú padà, àfi kí ará ìlú dìbò sí i, kò sí ọ̀nà míì. Ní 1995 ìjọba fẹ́ kí tọkọtaya lè máa kọ ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n ya 500,000 pọ́ùn ti Ireland sọ́tọ̀ láti fi polongo Bẹ́ẹ̀ni. Patricia McKenna, aṣòfin ẹgbẹ́ Green, gbé wọn lọ ilé ẹjọ́ tó ga jù, kóòtù dẹ̀ dá a láre. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó fẹ́ dìbò Bẹ́ẹ̀kọ́ náà ló ni owó ìlú, ìjọba lè sọ èrò ọkàn ẹ̀, mínísítà lè lọ sórí rédíò lọ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ kó má fi owó gbogbo èèyàn gbe apá kan. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ni ìdájọ́ yẹn, ìbò jẹ́ ọjọ́ 24. Bẹ́ẹ̀ni ṣì wọlé, ìbò tó lé díẹ̀ ní 9,000 ló fi wọlé ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ní 2012 wọ́n tún dán an wò, ti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé. Ìjọba tẹ ìwé kékeré kan wọ́n há a sílé-sílé, wọ́n ní àlàyé lásán ni. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí ìbò kóòtù ní rárá o, ìwé yẹn ń ti àwọn èèyàn síbì kan. Kò tiẹ̀ pariwo bíi ti Cameron o, kò kọ ọ́ síwájú pé ẹ dìbò báyìí, síbẹ̀ wọ́n mú un.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi ká mi lára. Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2004, wọ́n dìbò níbí lórí bóyá ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ireland á ṣì máa di ọmọ ìlú lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa mọ àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àwa adúláwọ̀ ni, àwọn ìyá ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń tọ́ka sí ní ṣọ́ọ̀bù àti ní bọ́ọ̀sì. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n fòpin sí i. Ọmọ ìlú nìkan ló ń dìbò irú ẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ wa tọ́rọ̀ kàn jù ò lè dì í. Ìjọba ló gbé àbá yẹn wá, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn polongo ẹ̀, àmọ́ owó ẹgbẹ́ ni wọ́n ná, kóòtù ti dè wọ́n lọ́wọ́ látọdún 1995. Owó orí tí mò ń san lóṣooṣù, wọn ò fi tẹ ìwé tó ń lé ọmọ tèmi jáde kí wọ́n wá jù ú sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tí kò bá bá nǹkan yẹn pàdé rí lè máa sọ pé 34p ni.

Alagba_Dagenham

Àdé, Ọlọ́run bù kún ẹ. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ibòmíì lo ti wò ó.

IyaTemi_Peckham

Ọ̀rọ̀ Àdé yìí wọ̀ mí lára o. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lọ́yà náà, mo ti fi hàn án, ó ti ń pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú, torí mi ò tíì gbà tán. Tí ìjọba bá dákẹ́, ta ló máa sọ fún wa? Bọ́ọ̀sì pupa àwọn tó ń polongo pé ká jáde ń káàkiri, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé mílíọ̀nù 350 pọ́ùn là ń fi ránṣẹ́ sí EU lọ́sẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ìṣirò ìjọba ní iye yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà, wọn ò pa á rẹ́. Nínú ìwé ìjọba yẹn, wọ́n sọ ọ́ nírọ̀rùn pé nínú gbogbo £1 tẹ́ ẹ bá san ní owó orí, ó lé díẹ̀ ní 1p tó ń lọ sí EU. Ìyẹn ló yé mi. Èmi ìyá ọmọ mẹ́ta tí mò ń ṣe iṣẹ́ méjì, mi ò ráyè máa gbọ́ àríyànjiyàn tẹlifíṣọ̀n, ìwé tó wọlé wá bá mi ni mo kà. Ìjọba tó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wa tó wá dákẹ́, èmi ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà dáa.

Alagba_Dagenham

Ìyá Temi, àwọn tó ní bọ́ọ̀sì yẹn, owó àwọn olówó tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ni wọ́n ná. Nígbà tí wọ́n dẹ̀ ná kọjá mílíọ̀nù 7 yẹn, òfin mú wọn, àjọ elétò ìdìbò bu owó ìtanràn 61,000 pọ́ùn lé wọn ní 2018. Òfin wo ló lè mú ìjọba? Ẹ tún ka 1p yẹn tán, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé ìjọba rò pé èrè tá a ń rí ju owó tá à ń san lọ fíìfíì. Àlàyé kọ́ nìyẹn mọ́, ìpolongo ni.

Baba_Brixton

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Ẹ fi ti 1975 kún un, torí kì í ṣe Cameron ló kọ́kọ́ ṣe é.

Mo wà ní London nígbà tí Harold Wilson tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn ní ká dìbò bóyá ká dúró nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Common Market, èyí tó padà di EU. Ìwé mẹ́ta ló wọlé wa. Ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní Bẹ́ẹ̀ni, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní Bẹ́ẹ̀kọ́, ìkẹta wá jẹ́ ti ìjọba fúnra ẹ̀, ìyẹn náà dẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀ni. Méjì sí ọ̀kan. Àwọn tó ní Bẹ́ẹ̀kọ́ ráhùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ rí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀ o: Bẹ́ẹ̀kọ́ náà rí ìwé tiẹ̀ há lówó ìjọba, wọ́n dẹ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan ní 125,000 pọ́ùn. O lè tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì kó o kà wọ́n pọ̀.

Àwa ọmọ Commonwealth dìbò nígbà yẹn náà. Owó oúnjẹ ló gba ẹnu gbogbo èèyàn, àmọ́ láàárín àwa tá a wá láti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àdéhùn Lomé la ń sọ, torí oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Togo, orílẹ̀-èdè 46 ló wà nínú ẹ̀, Nàìjíríà dẹ̀ wà níbẹ̀, pé kí ọjà wa lè máa wọ Yúróòpù. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà la dìbò, Bẹ́ẹ̀ni kó ìdá 67.2. Kí Temi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba há ìwé ní 1975 ó wọlé, ó há a ní 2016 ó fìdí rẹmi, ìdá 51.9 ní ká jáde. Ìwé nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn dìbò.

IyaTemi_Peckham

Ẹ ṣé gan-an Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kà á fún un.

Folake_Melbourne

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ọsirélíà kíákíá, ilẹ̀ ti ṣú níbí. Ìwé kan ṣoṣo ló ń wọlé wa, ìjọba kọ́ ló ń kọ ọ́. Àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí àbá yẹn á kọ tiwọn, àwọn tó kọ̀ ọ́ á kọ tiwọn, kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 2,000 lọ fún apá kọ̀ọ̀kan, àjọ elétò ìdìbò á wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní 2023 nígbà tá a dìbò lórí ohùn àwọn ọmọ onílẹ̀ nínú ìjọba, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Bẹ́ẹ̀kọ́ ló wọlé pẹ̀lú ìdá 60.

Àléébù tiwa ni pé àjọ elétò ìdìbò kì í yẹ ohun tí wọ́n kọ wò bóyá òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe gbé e wá ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Torí náà Ìyá Temi, ìbéèrè yín pé ta ló máa sọ òótọ́ fún wa, àwa náà ò tíì yanjú ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ó kéré tán kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n fi owó òun bú òun.

BolaIbadan

Mo kàn ń kọjá ni o, mo ń gbádùn ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan nílé ń pariwo rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù lójoojúmọ́, wọn ò mọ̀ pé a ti ṣe irú ẹ̀ rí, ọjọ́ 13 oṣù keje 1963, tí wọ́n fi yọ Midwest kúrò lára Western Region. Nínú ìwé òfin 1999 ó wà níbẹ̀ fún dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ àti fún pípe aṣòfin padà wálé. Kò sí òfin kankan tó sọ iye tí ìjọba lè ná lórí ìpolongo irú ìbò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin yẹn o, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹni tó bá ń bá àwọn aṣòfin wa sọ̀rọ̀ rán wọn létí kó tó di ọjọ́ kan.

LoyaTokunbo

Kókó tó dáa nìyẹn Bọ́lá.

Ìyá Temi, nǹkan méjì ló kù. Nínú ìwé 2016 yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ìpinnu yín ni, ìjọba á ṣe ohun tẹ́ ẹ bá pinnu. Lẹ́yìn ìbò, àwọn tó ní ká jáde ń fi gbólóhùn yẹn ṣe ẹ̀rí lójoojúmọ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní oṣù kìíní 2017, adájọ́ 8 nínú 11 ní ìjọba ò lè dá bẹ̀rẹ̀ ìjáde láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ṣòfin sí i. Ìlérí inú ìwé ìléwọ́ ò lè di òfin. Kí ọmọ yín fi ìyẹn sí ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn.

Ìkejì, kó má gbára lé ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa ìwé yẹn, kó kà á. Ó ṣì wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Kó tún wá ìwé tí àjọ elétò ìdìbò fúnra wọn fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé nígbà yẹn, ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùdìbò, tí wọ́n fún apá méjèèjì ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbàgbé pé ìyẹn wà. Tó bá kà wọ́n pọ̀ tí ibì kan ò bá yé e, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ẹ̀ síbí, màá dáhùn lálẹ́ ọ̀la tí mo bá tibi iṣẹ́ dé.